Kí ni kí n tẹnu mọ́ níbi àpéjọ àgbẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yàn mí láti ṣojú wọn níbi àpéjọ àgbẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni n ó fi sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ní kí n sọ sì pọ̀.

Ti ajílẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ìgbà tí àgbàdo ṣì ń ta ewé ló nílò rẹ̀, àmọ́ ó máa ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ tán kí ọkọ̀ ajílẹ̀ ìjọba tó dé. Àwọn obìnrin àárín wa ní ti owó yíyá ni kí n sọ: báńkì ń béèrè ìwé ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko sí kì í ṣe tiwọn.

Ìkéde Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ti ọdún 2018 fún àgbẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ́wọ́ sí ètò tó kàn wọ́n. Ṣé kí n fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí n là á yékéyéké, àbí kí n kà wọ́n tán? Báwo ni mo ṣe lè rí i pé ó wọ inú àkọsílẹ̀ ìpinnu, kó má jẹ́ pé wọ́n kàn pàtẹ́wọ́ fún mi lásán?