Wọ́n lu ọjà fún mi ní gbàǹjo tán, ẹni tó tà á tún ń bèèrè owó: ṣé kí n fẹjọ́ ẹ̀ sùn?

Ìyá Àrẹ̀mú, Leeds

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Maṣíìnì ìránṣọ Singer kan, aláfọwọ́yí tí àwọn ìyá wa ń lò, wà ní gbàǹjo lórí eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn. Mo dá owó lé e, ẹnìkan náà dá tiẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lé ara wa títí àkókò fi pé, ó sì já mọ́ mi lọ́wọ́ ní £62. £14 ni owó ìfiránṣẹ́ tó wà lójú ìwé ọjà náà. Mo san gbogbo ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ó ní irin ni, òun ò mọ̀ pé bó ṣe wúwo tó nìyẹn, kí n jọ̀ọ́ fi £9 kún un. Ó ní kí n má gbà á orí eBay, kí n fi tiráńsífà ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun tààrà, torí bí ó bá gba ibẹ̀ kọjá wọ́n máa yọ nínú ẹ̀.

Bàbá Àrẹ̀mú ní kí n san án kí ọkàn mi balẹ̀, kí ni £9 jẹ́? Ọmọ mi obìnrin ní kí n fẹjọ́ ẹ̀ sùn kíá. Èmi mọ̀ pé ìlànà eBay ò fàyè gbà á. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀rọ̀ bàbá yìí ò jọ ti gbájú-ẹ̀. Ẹrù ìyàwó ẹ̀ tó ti dolóògbé ló ń tà. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, kí lẹ ṣe, kí ló sì tẹ̀yìn ẹ̀ yọ? Ìtàn ni mo fẹ́ o, ẹ má wàásù fún mi.

Bọ̀dá Oníkámẹ́rà, Croydon

Àǹtí mi, ẹ kú ọjà. Tèmi ti pẹ́, ìgbà tí PayPal, ilé iṣẹ́ tá a fi ń sanwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣì wà lábẹ́ eBay ni (2002 ni wọ́n rà á, 2015 ni wọ́n tó pínyà). Lẹ́ǹsì kan ni mò ń wá, mo rí i, iye tó wà lórí ẹ̀ sì dáa ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Mo kà á lọ, mo kà á lọ, mo fẹ́ẹ̀ kà á tán ni mo rí gbólóhùn kan nísàlẹ̀ pátápátá, nínú lẹ́tà wínníwínní, lábẹ́ ibi tó ti ń ṣàlàyé bí òun ṣe ń di ẹrù: ẹni tó bá fẹ́ fi PayPal san, kó fi 4% lé e. Láyé ìgbà yẹn, ta ló ń fi nǹkan míì san? Ṣé ṣéèkì ni kí n kọ ni?

Mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé eBay ò gbà kí ẹni tó ń tajà gbé owó tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ ẹ̀ lé oníbàárà lórí. Èsì tó fún mi ni pé bí mi ò bá fẹ́, kí n lọ rà á níbòmíì. Ó dáa. Mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lójú ìwé ọjà láti fẹjọ́ sùn, mo da gbólóhùn ẹ̀ kọ síbẹ̀ bó ṣe kọ ọ́ gan-an. Kò pẹ́ tí ọjà náà fi pòórá. Lẹ́ǹsì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn, inú mi ò sì dùn rárá.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀gá yìí gbé e padà wá. 4% ti wọ inú iye tó fi bẹ̀rẹ̀, kò sí lẹ́tà wínníwínní kankan mọ́. Bí ẹ bá ṣírò ẹ̀, owó kan náà ni o! Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí gbogbo àwa tá a fẹ́ dá owó lé e ti rí i kí á tó dá a. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà fún mi. Gbàǹjo ni. Àǹtí, ẹni tó ń bá yín dá owó lé maṣíìnì yẹn dúró níbì kan, ó ní apá òun ò ká a mọ́. Iye tó wà lójú ìwé lẹ̀yin méjèèjì fi bára yín díje. Bí ẹ bá fi £9 kún un lẹ́yìn, iye tí ẹ ò bára yín díje lé lórí ni ẹ ń san.

Àti pé ní UK níbí, bí oníṣòwò ló bá ń tajà, ó ti kọjá ọ̀rọ̀ ìlànà eBay nìkan. Láti ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹẹrẹ 2018, òfin ò gbà kí oníṣòwò gba owó lé owó lọ́wọ́ oníbàárà torí pé ó fi káàdì tàbí PayPal san. Ọ̀dọ̀ Trading Standards, àwọn tó ń rí sí i pé oníṣòwò ń pa òfin mọ́, nirú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní England, Citizens Advice, àwọn tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, lẹ máa kọ́kọ́ pè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Bàbá Àrẹ̀mú ló ń bá wa ná owó yín, àbí tiẹ̀ ni? Ẹ ní kó mú £9 wá.

Àǹtí Ṣadé, Maryland

Ti Amẹ́ríkà níbí burú nígbà kan, ẹ ò lè gbà á gbọ́. Ìbòrí fóònù, sẹ́ǹtì kan péré, owó ìfiránṣẹ́ $12! Kì í ṣe àṣìkọ. Orí owó ọjà nìkan ni eBay máa ń yọ tiẹ̀ lé nígbà yẹn, kì í fọwọ́ kan owó ìfiránṣẹ́. Àwọn kan wá gbé gbogbo èrè wọn sá sábẹ́ ìfiránṣẹ́. 2011 ni wọ́n tó dí ihò náà, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ lórí àpapọ̀ méjèèjì.

Àrékérekè tó wà níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ owó tí eBay ń yọ lọ. Mo ra aago ògiri kan lọ́nà bẹ́ẹ̀, $3 ni owó ọjà, $26 ni ìfiránṣẹ́. Ó dé, kò ní àléébù, àwọ̀ ẹ̀ ni kò bá ilé mi mu. Mo ní kí n dá a padà. Ẹni tó ń tà á ní kò burú, òun gbà, $3 lòun máa dá padà fún mi. Owó ìfiránṣẹ́ kì í padà bó bá jẹ́ pé oníbàárà ló yí ọkàn padà. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn! Èmi fẹjọ́ ẹ̀ sùn, mo sì fún un ní ìràwọ̀ kan níbi tí wọ́n ti ń bi wá nípa owó ìfiránṣẹ́. Aago ṣì wà lára ògiri, kò bá ilé mu títí dòní.

Ìyá Àrẹ̀mú, Leeds

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ohun kan ń bà mí lẹ́rù. Tí mo bá kọ̀, ṣé kò ní kọ ọ̀rọ̀ burúkú sí orúkọ mi? Fídíbáàkì mi mọ́ tónítóní o.

Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù, Lewisham

Ìyá Àrẹ̀mú, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ti di ti àtijọ́. Láti oṣù Èbìbí 2008, ẹni tó ń tajà lórí eBay ò lè kọ fídíbáàkì burúkú fún ẹni tó ra ọjà mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí kó tó dìgbà yẹn. Ní 2006, àwo jùjú kan tí mo ti wá tì, ẹnìkan gbé e jáde láti Jámánì. Mo jà á gbà lọ́wọ́ àwọn ará Japan (àwọn yẹn kì í fi àwo wa ṣeré). Kété tí mo gbà á, ọkùnrin náà ní mo gbọ́dọ̀ san owó adójútòfò, tí kò kọ sójú ìwé ọjà níbì kankan. Gbogbo wa tá a jọ ń ra àwo la mọ irú wọn. Wọn kì í kọ fídíbáàkì fún ẹ títí ìwọ á fi kọ tiwọn. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wò ẹ́. Bí o bá kọ pé ó gba owó àgbàlé lọ́wọ́ ẹ, ó di kíákíá, òun náà á kọ ọ́ pé oníwàhálà ni ẹ́, ó kù sí ẹ lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì ti ní irú ẹ̀ méjì mẹ́ta lórúkọ, àwọn míì kì í jẹ́ kó dá owó lé ọjà wọn mọ́.

Torí náà, san ni gbogbo wa ń san. Ẹ bá wa wo àwọn ojú ìwé wọn ìgbà náà: ìyìn ni látòkè délẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò rẹ́ wa jẹ, ẹnu wa ni wọ́n dì. Ẹ̀yin tí ẹnu yín tú sílẹ̀ lónìí, ẹ̀yin lẹ ń bẹ̀rù.

Alájàpá, Manchester

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń tajà sọ tèmi. Òótọ́ ni pé wọ́n ń yọ lórí owó ìfiránṣẹ́ àwa oníṣòwò. Bí oníbàárà bá san £14 fún ìfiránṣẹ́, kì í ṣe £14 ló ń kù sí mi lọ́wọ́, ìyẹn kí n tó ra páálí àti téèpù. Ẹrù tó bá sì lé ní ìwọ̀n kan, owó ẹ̀ á fò sókè lójijì. Mo mọ ohun tó ń ṣe bàbá yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ẹrù ilé ara ẹ̀ ní UK kò san owó títà fún eBay mọ́ láti oṣù Ọ̀wàrà 2024, àyàfi bó bá jẹ́ ọkọ̀ ló ń tà. Kí ni wọ́n fẹ́ yọ nínú £9? Àǹtí, ẹ bi í.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Èmi àti ẹnìkan jọ ń ta ìkòkò irin kan náà. Tèmi, £31, ìfiránṣẹ́ wà nínú ẹ̀. Tiẹ̀, £24. Ẹni tó bá to ọjà láti orí èyí tó pọ́ọ́kú jù, òun ló máa rí lókè. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rà á tán ló ń kọ̀wé sí wọn pé owó ìdìpọ̀ £8 wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń san án, torí £8 "ò tó nǹkan". Ẹni tí kò tó nǹkan fún, kó san án, àmọ́ kó mọ̀ pé èmi tí mo kọ iye mi síta ló fi jẹ níyà. Oníbàárà kan tí kò gbà ló fi lẹ́tà ẹ̀ hàn mí nígbà tó wá ra tèmi. Mo ní kó fẹjọ́ sùn, torí òun ni lẹ́tà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bí èmi bá sùn ún, wọ́n á ní ìlara ọjà ni.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Léèsì ni tèmi, fún ìgbéyàwó àbúrò mi. Òkè òkun lẹni tó ń tà á wà, owó ẹ̀ ò tó £135. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021, ọjà tó bá ń bọ̀ wá síbí láti òkèèrè tí kò ju iye yẹn lọ, eBay fúnra wọn ló ń gba VAT ẹ̀ nígbà tí a bá ń sanwó. Mo san án, ó hàn lójú rìsíìtì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ní "owó kọ́sítọ́ọ̀mù" ti yọjú, £11, kí n tètè san án kí léèsì má bàa há.

Mo ya àwòrán rìsíìtì, mo fi àmì pupa yí ìlà VAT po, mo fi ránṣẹ́ sí i. N ò kọ nǹkan kan sí i. Kò dáhùn, léèsì sì dé ṣáájú ìgbéyàwó. Ìgbà tó wọlé tán ni mo fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Bọ̀dá Oníkámẹ́rà, mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò dúró, àmọ́ ẹ̀yin ò tíì sanwó. Ẹni tí ẹrù ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni, kó gba ẹrù ẹ̀ ná.

Ìyá Àrẹ̀mú, Leeds

Mo ti kọ̀wé sí i, orí eBay ni mo gbà kọ ọ́ kó lè ní àkọsílẹ̀. Mo ní kó fi ránṣẹ́ níye tá a jọ gbà, tàbí kó jẹ́ kí n rán ọmọ mi wá gbé e, kó sì dá £14 mi padà. Mo bi í léèrè ìbéèrè Alájàpá náà. Ó ní ọmọ òun ló sọ fún òun pé wọ́n ń yọ owó. Ó tọrọ àforíjì, ó ní kí ọmọ mi máa bọ̀. Ní tèmi o, mi ò fẹjọ́ ẹ̀ sùn.

Kọ́lá, Birmingham

Àǹtí, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n èmi ì bá sùn ún. Ọ̀rẹ́ mi kan san irú owó bẹ́ẹ̀ ní tiráńsífà fún ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà dùn létí. Ẹrù ò dé. Owó tó gba orí eBay kọjá, wọ́n dá a padà fún un pátá. Èyí tó fi ránṣẹ́ sí báńkì, báńkì ní òun fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹni tó rà lọ́wọ́ onítọ̀hún ṣáájú ẹ̀ bá ti fẹjọ́ sùn ni, bóyá ì bá má bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ó tún ku ohun kan. Bí bàbá yẹn bá yí ohùn padà tó ní òun fagi lé títà náà, ẹ wo ìdí tó yàn. Bó bá yàn pé ẹ̀yin lẹ ní kó fagi lé e, ẹ sọ fún eBay lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló yẹ kó wà lákọsílẹ̀ lọ́rùn ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Kí ọmọ yín sì gbé ẹnìkan dání lọ o, irin aláfọwọ́yí yẹn kì í ṣe ẹrù ènìyàn kan.