Wọ́n ní lupus ló ń ṣe àbúrò mi, ṣé ká ra immune booster fún un?

Ọmọ_Ṣàgámù:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 24, oríkèé ló kọ́kọ́ ń dùn ún, a ní ibà ni, a tún ní táífọ́ọ̀dì ni, ó lo oògùn títí, ni irun orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í já, nǹkan pupa wá sú sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó gba orí imú kọjá. Ọsibítù ńlá tá a gbé e lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ANA, wọ́n ní lupus ni. Ohun tí ò yé wa ni pé oògùn ibà ni dókítà kọ, hydroxychloroquine, pẹ̀lú prednisolone. Màmá wa ní dókítà yẹn ò mọ nǹkan kan, pé ààbò ara ọmọ àwọn ló lọ sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ra immune booster olówó gọbọi. Prednisolone yẹn tún ń mú kí ojú ẹ̀ wú, àbúrò mi fẹ́ dáwọ́ ẹ̀ dúró.

Nọ́ọ̀sì_Àdùnní:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún un lálàáfíà. Ẹ má rà á o! Ààbò ara ọmọ yẹn ò lọ sílẹ̀ rárá, ó ń ṣiṣẹ́ kọjá ààlà ni, ó sì ti ṣìnà. Ọdẹ tí ẹ gbà pé kó máa ṣọ́lé ló dojú ìbọn kọ ọmọ onílé yẹn, ẹ wá fẹ́ ra ọta kún un fún un. Antibody tó yẹ kó máa kojú kòkòrò àìsàn, ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara ẹ̀ gan-an ló ń bá jà, títí dé orí DNA, irú antibody bẹ́ẹ̀ sì ni tẹ́ẹ̀sì ANA ń wá. Kídìnrín ló ń bà mí lẹ́rù jù torí ó lè máa bàjẹ́ lọ kó má dun èèyàn. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò bóyá purotéènì wà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa wo BP ẹ̀. Prednisolone, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má dédé dá a dúró, tó bá ti pẹ́ lára, ẹ̀yà ara kékeré orí kídìnrín tó ń ṣe irú ẹ̀ fún wa á ti dẹwọ́, èèyàn lè ṣubú lulẹ̀ lójijì. Dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Bàbá_Táyé:
Ṣé kì í ṣe ọwọ́ ayé lèyí? Oríkèé, irun, ojú, lẹ́ẹ̀kan náà? Àbí ó ń ranni?

Ìyá_Ìbejì_London:
Bàbá Táyé, kò ranni o. Èmi náà ní in. Wọ́n sọ fún ẹbí mi náà pé ayé ni, owó tí wọ́n ná káàkiri nítorí ẹ̀ ṣì ń dùn mí dòní. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ní in, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ obìnrin, ó sì ń mú àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Oògùn yẹn, òótọ́ ni pé wọ́n ń fi wo ibà, ó ti wà láti 1955, ṣùgbọ́n ó tún ń mú ààbò ara rọlẹ̀. Kì í ṣe oògùn ọjọ́ mẹ́ta, ó lè tó oṣù mélòó kan kó tó hàn lára ẹ̀, ẹ ní sùúrù. Nígbà Kòrónà ní 2020 tí kálukú ń wá a kiri, àwa tó ń lò ó lójoojúmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i rà, inú bí mi gan-an. Kí wọ́n máa yẹ ojú ẹ̀ wò o, torí tó bá pẹ́ ó lè ba ojú jẹ́. Kó sì sá fún oòrùn, kó máa wọ aṣọ alápá gígùn.

Akin_Òṣogbo:
Ẹ fi fọ́tò Seal olórin han Màmá. Olúṣẹ́gun wà nínú orúkọ ẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni ìyá ẹ̀. Àpá ojú ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń pè ní ilà, lupus awọ ara ló fà á.

Ọmọ_Ṣàgámù:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí Màmá létí, wọ́n ní ká lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀ yẹn ná. Àbúrò mi ní kí n béèrè, ṣé òun ṣì lè bímọ?

Nọ́ọ̀sì_Àdùnní:
Ó lè bímọ dáadáa. Kó kàn jẹ́ kí àìsàn náà ti rọlẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà kó tó lóyún, kó sì sọ fún dókítà ṣáájú. Wọ́n sábà máa ń ní kí aláboyún máa lo hydroxychloroquine ẹ̀ nìṣó, àmọ́ àwọn oògùn lupus míì wà bíi mycophenolate tó lè ṣe ọmọ inú léṣe, ìyẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ pààrọ̀.