Èló lẹ fẹ́ san? Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Ọlọ́jà Òru, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará ilé, èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ géèmù tí èèyàn ń san iye tó wù ú fún yìí sílẹ̀, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ní 2021, àwa mẹ́ta dáwó jọ, a ṣí sáìtì kékeré kan tí àwọn ọmọ wa tó ń ṣe géèmù lè gbé iṣẹ́ wọn sí. Ẹni tó bá fẹ́ géèmù á san iye tó bá wù ú. Bó bá ní òun ò san, kó máa gbé e lọ.

Àwa kọ́ la ronú ẹ̀. itch.io la wò kọ́, ìyẹn sáìtì tí wọ́n ti ń ta géèmù, èyí tí Leaf Corcoran dá sílẹ̀ ní oṣù kẹta 2013. Níbẹ̀, ẹni tó ni géèmù ló ń dá iye tó kéré jù tó lè gbà, kódà kó jẹ́ òdo, ẹni tó ń rà á á sì fi lé e bó bá fẹ́. Láti 2015, ọlọ́jà náà ló tún ń sọ ìdá tí itch.io máa mú nínú owó ẹ̀. Bó bá ní kí wọ́n má mú nǹkan kan, wọn ò ní mú. Ẹ rántí pé dọ́là 30 nínú 100 ni Steam, ọjà géèmù ńlá yẹn, ń mú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọlọ́jà. Kí ló wá dé tá ò kàn lo itch.io? Ọ̀rọ̀ káàdì ni. Àwọn tá a fẹ́ tà fún ní Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́, náírà ló wà ní báńkì wọn, káàdì wọn ò sì bá dọ́là ṣe.

Alẹ́ ọjọ́ tá a ṣí i, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lábẹ́ fèrèsé, àwa mẹ́ta kó orí jọ sídìí láptọ́ọ̀pù kan. A ti ṣe àpótí kan sójú sáìtì, a kọ ọ́ sórí ẹ̀ pé "Èló lẹ fẹ́ san?" Ẹnì kẹrin tó wọlé kọ ọ́ sínú àpótí náà pé "Ọlọ́run á san án fún yín." Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ ni gbogbo sáìtì dákú. Àwa tá a kọ kóòdù ò rántí sọ fún àpótí pé nọ́ḿbà nìkan ni kó máa gbà! A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tá a fi máa tún un ṣe tán, aago kan òru ti lù.

Àṣé àpótí tó ṣófo yẹn gan-an ni wàhálà wa. Ẹni tẹ́ ẹ bá bi ní èló láì sọ iye kankan fún un, òdo ló máa kọ. Mi ò bínú sí wọn, ta ló ń kọ́kọ́ dá iye gidi ní ọjà Bódìjà? Àwọn tó ṣe géèmù World of Goo náà dán irú ẹ̀ wò ní oṣù kẹwàá 2009. Àwọn tó rà á lé ní 50,000, àmọ́ sẹ́ǹtì kan péré ni ọ̀pọ̀ wọn san, owó tí wọ́n ń gbà lórí ìsanwó ló sì gbé sẹ́ǹtì náà mì. Nígbà tí àwa wá fi náírà 500 sínú àpótí tiwa sílẹ̀, tí èèyàn lè pa rẹ́ tó bá fẹ́, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Wọ́n kàn san án.

Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sáìtì wa wà lórí ẹ̀, ló pa wá. Jámánì la ti yá a, yúrò la sì ń san. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là tí báńkì ń tà ní bíi 460 kọjá 700 láàárín ọjọ́ díẹ̀, yúrò náà ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ṣírò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé mo ṣì í ni. A san owó gbogbo àwọn ọmọ tó ni géèmù, a fún wọn ní oṣù méjì kí wọ́n fi kó ẹrù wọn, a sì tilẹ̀kùn.

Aláyò, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìnáwó, ẹ̀gbọ́n, ẹ sì ṣeun. Mo wà lára àwọn tó kó ẹrù. Géèmù ayò tí mo fi Godot, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ṣe, itch.io ni mo gbé e lọ. Mo ṣe é kí èèyàn lè ta á lójú sáìtì níbẹ̀ láì dáńlóòdù nǹkan kan. Wọ́n ta ayò! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kọ́bọ̀ ò wọlé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló là mí lójú. Ẹni tó bá fẹ́ dáńlóòdù, àpótí kan á kọ́kọ́ yọ sí i pé ẹni tó ṣe é ń gba owó, wọ́n á ti dámọ̀ràn dọ́là 2, ọ̀rọ̀ kékeré kan á wà nísàlẹ̀ fún ẹni tí kò bá fẹ́ san. Ẹni tó ń ta á lójú sáìtì ò rí àpótí yẹn. Bí ti onílù ni. Èyí tó jókòó sí kọ̀rọ̀, wọ́n á jó sí ìlù ẹ̀, wọ́n á sì lọ. Èyí tó wá dúró síwájú yín, tó ń ki bàbá yín, ẹ̀yin náà ẹ ó wá nǹkan nínú àpò. Mo ṣe ti Windows tí èèyàn máa dáńlóòdù, mo fi ọpọ́n méjì kún un, mo fi ti ojú sáìtì sílẹ̀ fún ìtọ́wò. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹnì kan san dọ́là 3. Ẹlòmíì san 5, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọmọ ayò di 49 lójú òun. Ihò 12, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, 48 ló yẹ kó wà. Òótọ́ ló sọ. Bẹ́ẹ̀ kò pọn dandan kó sanwó kó tó bú mi.

Kí owó náà tó dé ọwọ́ mi, ọjọ́ 19. Mo kọ orúkọ mi pẹ̀lú àmì gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí, ti báńkì ò ní àmì. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn sanwó ní ẹni méjì ni wá.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Èmi ò ṣe géèmù o, èmi ni mo ń sanwó. Ní oṣù kẹfà 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, itch.io kó géèmù àti nǹkan mìíràn tó lé ní 1,700 jọ, wọ́n dì í ní ẹrù ńlá kan tí wọ́n ń tà pọ̀. Dọ́là 5 ló kéré jù, owó náà ń lọ sọ́dọ̀ NAACP Legal Defense Fund, tó ń bá àwọn aláwọ̀ dúdú jà fún ẹ̀tọ́ wọn ní kóòtù, àti Community Bail Fund, tó wà fún owó béèlì. Àwọn ìbejì ò jẹ́ n sinmi, mo san 10. Ohun tí wọ́n rí kó jọ lé ní mílíọ̀nù 8 dọ́là, orí mi sì wú pé tèmi wà níbẹ̀. Àmọ́ títí dòní, àwọn ọmọ yìí ò tíì ṣí ogún nínú ẹ̀.

Aláyò, àbúrò mi, jọ̀ọ́ sọ orúkọ géèmù ẹ. Bàbá wọn ti ń yọ mí lẹ́nu láti àná pé òun máa na kọ̀ǹpútà. Ṣé o ti tún ọmọ ayò 49 yẹn ṣe? Torí èmi mọ ọkọ mi, bó bá rí ọmọ kan tó ṣẹ́ kù, á ní tòun ni.