Ta ló ti bá ọ̀rẹ́ rin ìrìnàjò ẹ̀mí rí? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Àdúrà: Ẹ kú ìjókòó o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi láti kékeré fẹ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Santiago ní Sípéènì, ọ̀nà táwọn Kristẹni ti ń rìn lọ síbi tí wọ́n gbà pé wọ́n sin Jákọ́bù àpọ́sítélì sí. Ọdún kẹta rèé tá a ti ń gbàdúrà sí i. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń kọ mí lóminú, ọ̀rẹ́ ọ̀hún ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọ̀rẹ́ rin irú rẹ̀, ṣé ẹ ṣì ń ṣọ̀rẹ́?

Arìnjìnnà: À ń ṣọ̀rẹ́, àmọ́ a pínyà lójú ọ̀nà. Saint-Jean-Pied-de-Port ní Faransé la ti gbéra, nǹkan bíi 780 kìlómítà sí Santiago. Ẹlẹ́sẹ̀ yíyá ni òun, èmi a máa rọra rìn. Á lọ síwájú, á dúró dè mí. Ìdúró yẹn ń bí i nínú, ojú rẹ̀ tó le sì ń mú mi sáré, bí ẹsẹ̀ mi ṣe lé ròrò nìyẹn. Ìgbà tá a dé Meseta, pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó lọ rẹrẹ láàárín Burgos àti León, níbi tí òjìji ti ṣọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ bẹ́. Mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Ó ní, "Ká pàdé ní León." Ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo dá rìn. Màmá mi kú lọ́dún yẹn, mi ò tíì sunkún. Ibẹ̀ ni mo ti sun ún, láàárín oko ọkà, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo dé León, ó wà lẹ́nu ọ̀nà kàtídírà, a dì mọ́ra, a ò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà la dé Cruz de Ferro, níbi táwọn èèyàn ti ń fi òkúta tí wọ́n gbé wá láti ilé sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àgbélébùú onírin. Mo gbé tèmi sílẹ̀. Òun mú méjì jáde. Ọ̀kan jẹ́ ti màmá mi. Látìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń gbé e, kò sọ fún mi.

Adùnní: Òkúta yẹn! Omi ti dé ojú mi.

Gbẹ́nusílẹ̀: Ẹ má bínú o, àmọ́ tó bá jẹ́ ìrìnàjò ẹ̀mí lóòótọ́, kí lọ̀rẹ́ ń wá níbẹ̀? Ẹ wò ó, ìgbà tó dá wà ló rí ẹkún sun.

Arìnjìnnà: Ta wá ló gbé òkúta kejì?

Bàbá Onísùúrù: Ní Shikoku, ní Jàpáànì, wọ́n ń rìn yí tẹ́ńpìlì 88 ká, bíi 1,200 kìlómítà. Ohun tí wọ́n ń kọ sára fìlà wọn ni pé ẹni méjì ló jọ ń rìn. Ẹni tó dá lọ náà ń kọ ọ́, torí wọ́n gbà pé Kōbō Daishi, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà ayé àtijọ́, ló ń bá a rìn. Kò sí adárìn níbẹ̀.

Gbẹ́nusílẹ̀: Bàbá, Kōbō Daishi kì í hanrun mọ́jú.

Alhaja: Èmi ń bọ̀ láti Mẹ́kà. Èmi àtọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ ara wa mú nígbà tá a ń yí Kábà ká, èrò já wa gbà níbi ìyípo kẹta. Àyà mi já. Àmọ́ a ti ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀: bọ́wọ́ bá já, kẹ́nikẹ́ni má padà sẹ́yìn, kí kálukú parí méjèèje rẹ̀, ká pàdé ní Sọfá, òkè kékeré tó wà nítòsí Kábà. Ọmọ Àdúrà, ẹ ṣe irú àdéhùn yẹn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Olóòótọ́: Ọ̀rẹ́ tèmi wọ bọ́ọ̀sì láti Burgos dé León. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ ìrìnàjò mímọ́?

Arìnjìnnà: Fún ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún ẹni tó bá dé Santiago, ó kéré tán 100 kìlómítà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀, 200 lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́.

Olóòótọ́: Mi ò sọ ti ìwé. Ti ọkàn ni mò ń sọ.

Adùnní: Ọkàn rẹ̀ lẹ rí àbí orúnkún rẹ̀ ló ń dùn ún? Ẹ bi í léèrè kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Olóòótọ́: Mi ò bi í. Ká sòótọ́.

Ọmọ Àdúrà: Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní òun náà ti ń bẹ̀rù pé òun á yára jù fún mi. Alhaja, ta ló kọ́kọ́ dé Sọfá nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Alhaja: Òun ni. Ó ti ń sunkún kí n tó dé.