Shenandoah pẹ̀lú màmá lóṣù kẹwàá: ṣé a lè lọ ká bọ̀ lọ́jọ́ kan?

Ọmọ Ìjẹ̀bú MD
Ẹ kú ilé o. Màmá mi ti Ìjẹ̀bú-Òde dé, wọ́n á wà lọ́dọ̀ wa di Kérésì, mo sì fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí bí ewé ṣe ń pọ́n lórí òkè kó tó wọ́ dànù. Bowie, Maryland la wà. Èrò mi ni pé ká gbéra laago mẹ́wàá Sátidé, ká wa Skyline Drive, títì orí òkè inú ọgbà ìjọba Shenandoah ní Virginia, tán látòkè délẹ̀, ká ti délé kílẹ̀ tó ṣú nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́tò tiwa ti gbó, ṣé bọ́ọ̀sì wà tó ń lọ àbí kí n pe Uber? Orúnkún màmá ò gba ìrìn púpọ̀ o.

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú àlejò màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín. Kò sí bọ́ọ̀sì ìlú kankan tó ń débẹ̀. Uber lè gbé yín lọ lóòótọ́, ta ló wá fẹ́ gbé yín bọ̀? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò fi bẹ́ẹ̀ sí lórí òkè yẹn, ẹ ò tiẹ̀ ní rí ẹni pè. Ẹ háyà mọ́tò, kí ẹ sì da máàpù sórí fóònù látilé.

Awakọ̀ Lanham
Aago mẹ́wàá ti pẹ́ jù, ẹ jọ̀ọ́. Sátidé oṣù kẹwàá, ìlà mọ́tò lẹ́nu géètì máa gùn débi pé ọ̀sán á ti pọ́n kẹ́ ẹ tó wọlé. Kẹ́ ẹ sì má wo ti máìlì, wákàtí ni kẹ́ ẹ kà, torí máìlì 105 ni Skyline Drive, 35 lófin sì gbà láàárín wákàtí kan, àgbọ̀nrín tún ń já sí títì lójijì, wákàtí mẹ́ta gbáko nìyẹn láìdúró níbì kankan, ta ni ò wá ní dúró níbi tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀? Tẹ́ ẹ bá fi máa jáde ní Rockfish Gap nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ilé ti jìnnà.

Géètì Front Royal, níbi tí Skyline Drive ti bẹ̀rẹ̀ lókè, ló yá jù láti DC, ibẹ̀ náà lèrò ń rọ́ gbà. Ẹ gba títì 66, ẹ bọ́ sí 29 dé Warrenton, ẹ rọ epo kún táǹkì, kẹ́ ẹ gba 211 kọjá Sperryville gòkè sí géètì Thornton Gap. Máìlì 31 nìyẹn téèyàn bá kà á láti Front Royal. Skyland, ibi tí òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ wà, wà ní 41, pápá Big Meadows ní 51. Àárín ibẹ̀ ti tó yín, ẹ ṣẹ́rí padà. Dọ́là 30 ni owó ìwọlé mọ́tò kan, iye yòówù kẹ́ ẹ jẹ́ nínú ẹ̀, ó sì ń lo ọjọ́ 7.

Ìyá Ìbejì
Ti màmá ló jẹ mí lógún. Àyè ìdúró wà káàkiri ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n lè jókòó sínú mọ́tò kí wọ́n máa wo àfonífojì. Big Meadows tẹ́jú, wọ́n á lè rìn díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má mú wọn lọ síbi omi Dark Hollow Falls o, àtisọ̀kalẹ̀ rọrùn, àtigòkè padà ni iṣẹ́! Ẹ wọ kóòtù fún wọn, òkè máa ń tutù ju Bowie lọ. Tẹ́ ẹ bá gbé jọ̀lọ́ọ̀fù dání, ẹ tì í mọ́nú mọ́tò, béárì wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú MD
Ẹ ṣeun gan-an ni. Màá gbàyè níbi iṣẹ́, ká lọ ní Túsìdeè, aago mẹ́fà àárọ̀ la máa gbéra. Ṣé ilé oúnjẹ Skyland ń ṣí lọ́jọ́ iṣẹ́?

Awakọ̀ Lanham
Ó ń ṣí, títí wọnú oṣù kọkànlá. Túsìdeè yẹn dáa gan-an.