Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n mú ọmọ mi kúrò lọ́dọ̀ àwọn tíṣà tó là á lóhùn?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ló gba oorun lójú mi.

Ọmọ ọdún 15 ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí SS1. Láti kékeré ló ti ń kólòlò. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ, tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, kó tó lè dáhùn, gbogbo kíláàsì á ti bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà á ní kó jókòó, pé ó ń fi àkókò àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣòfò. Nígbà tó yá, ó kúkú dákẹ́. Ó lè ti àárọ̀ dé ọ̀sán ní ilé-ìwé láìla ẹnu.

Nígbà tó wọ JSS1, a mú un lọ sí ilé-ìwé aládàáni kan ní Àkóbọ̀, nílùú Ìbàdàn. Kò tóbi, ọmọ inú kíláàsì kan kò ju 20 lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Àǹtí tó ń kọ́ wọn ní Yorùbá ránṣẹ́ pè mí. Àyà mi já. Mo rò pé ẹjọ́ ni. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ nǹkan." Ó bá ní kí ọmọ mi ki Ìbàdàn. Ọmọ tí kì í lè pe orúkọ ara rẹ̀ tán ló dúró níwájú mi, tó ń wí pé, "Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, níbi olè gbé ń jàre olóhun…" Ó ki Ìbàdàn parí, kò kólòlò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹkún ni mo sun níbẹ̀. Àǹtí ní òun ti ń ṣọ́ ọ, pé tó bá ti ń kọrin tàbí tó ń ké ewì, ahọ́n rẹ̀ kì í wúwo.

Òun ló bá àwọn tíṣà yòókù sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu mọ́. Tíṣà ìṣirò a máa dúró tì í lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, á ní kó wá síwájú pátákó kó ṣàlàyé bó ṣe rí ìdáhùn. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa rí. Ní táàmù tó kọjá, ọmọ mi ka ìròyìn ní asẹ́ńbìlì. Ó há níbi mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, wọ́n dúró dè é.

Níbo ni ìṣòro wà? Wọ́n dá bàbá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹrin. Ata ni mo ń tà ní ọjà Bódìjà. Owó ilé-ìwé sì ti kúrò ní 85,000 náírà ní táàmù kan, ó ti di 130,000, láìka owó ìwé àti owó ọkọ̀ Micra láti Ìdí-Apẹ́. Bàbá wọn ní ká mú un lọ sí ilé-ìwé ìjọba tó wà nítòsí wa. Àbúrò méjì ló tẹ̀ lé e, n kò lè sọ pé wọn ò sọ òótọ́. Àǹtí Yorùbá ní kí n lọ rí Mọ̀mí tó ni ilé-ìwé ná, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Ọmọ náà sì ti ń bẹ̀rù Oral English ti WAEC. Ó ní tí òun bá kúrò lọ́dọ̀ àwọn tíṣà yìí, òun á kàn dúró síwájú àwọn tó fẹ́ dán òun wò ni, òun ò ní lè sọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì láti Mọ́kọ́lá dáhùn:
Mọ̀mí wa, ẹ lọ rí ẹni tó ni ilé-ìwé náà o! Ìgbà ọlidé yìí gan-an ni kí ẹ lọ, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìwọlé tí gbogbo òbí á máa tò síwájú ọ́fíìsì. Ẹ mú iye tó bá wà lọ́wọ́ dání, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa san èyí tó kù. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn fún ti àwọn tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi san án.

Tíṣà Mọ̀níyà
Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, mà. Ẹ kọ́kọ́ pe ọmọ náà kí ẹ sọ èyí fún un lónìí: Oral English ti WAEC ní Nàìjíríà kì í ṣe pé èèyàn máa dúró sọ̀rọ̀ níwájú ẹnikẹ́ni. Orí ìwé tàbí kọ̀ǹpútà ni. Ìbéèrè 60 ni, ìdáhùn tó bá tọ́ ló máa mú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé ẹ̀rù yìí kiri lásán.

Ilé-ìwé ìjọba ni mo ti ń kọ́ni, ó sì máa ń dùn mí táwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí tíṣà gidi lọ́dọ̀ wa. Láti 2019 tí ìjọba Ọ̀yọ́ ti fagi lé 3,000 náírà tí àwọn òbí ń san, ọ̀pọ̀ ọmọ tó yẹ kó wà nílé ló ń bẹ níwájú mi. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín, ọmọ tó wà ní kíláàsì mi lé ní 70. Tí ọmọ kan bá dákẹ́, ó lè pẹ́ kí n tó mọ̀. Tí ẹ bá máa mú un kúrò, ẹ ṣe é kí SS2 tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gba èsì SS1 rẹ̀ dání. Ẹ má jẹ́ kó di SS3, ìgbà ìforúkọsílẹ̀ WAEC nìyẹn.

Bàbá Òkè-Àdó
Ẹ̀yin Ìyá, ẹ má ṣe é láìsọ fún ọkọ yín. Ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá gbọ́ pé ìyàwó òun ti lọ bẹ̀bẹ̀ níta, ó máa dùn ún. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ lọ. Ẹ má sì lọ yá owó èlé nítorí owó ilé-ìwé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Bọ̀dá Challenge
Akólòlò ni mí, ọmọ ọdún 41. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹnì kan ní ilé wa a máa dédé gbá mi létí látẹ̀yìn, pé ìpayà ló máa lé e lọ. Ohun tó lé lọ ni ẹnu mi. N kò ní irú Àǹtí yẹn rí, mo sì jókòó sínú ọkọ̀ báyìí tí mo ń sunkún lórí ohun tí ẹ kọ.

Ẹ gbọ́, Mọ̀mí. Níbikíbi tó bá lọ, ẹ má sọ fún un pé "sọ ọ́ jẹ́jẹ́" tàbí "mí kanlẹ̀ ná". Ó mọ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ dúró kó parí. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ máa rọra sọ̀rọ̀, òun náà á rọra. Àwọn tó kọ́ nípa ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn, ẹ béèrè wọn ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. Tó bá wá di pé ó máa kúrò, ẹ má jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ ní kí Àǹtí yẹn kọ gbogbo bó ṣe ń ṣe é sínú ìwé.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Mo ka ti Tíṣà Mọ̀níyà sí i létí lánàá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí, "Mọ̀mí, ṣé n kò ní sọ̀rọ̀ níwájú ẹnikẹ́ni lóòótọ́?" Ó sì jẹun tán lálẹ́ yẹn.

Bàbá wọn fúnra wọn ka ti Bọ̀dá Challenge. Wọn ò sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ló máa ń pariwo mọ́ ọn pé kó sọ ọ̀rọ̀ kíá. Àwa méjèèjì ń lọ ní Ọjọ́bọ̀. 60,000 náírà la máa mú dání, a ó bẹ̀ wọ́n kí èyí tó kù di oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá. Tí wọn ò bá gbà, ilé-ìwé ìjọba náà ló ń lọ. Àǹtí ti gbà láti kọ ìwé náà, ó tún ní òun á tẹ̀ lé wa débẹ̀ fúnra òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́.