Mo pàdé ẹnì kan lẹ́nu ìrìnàjò, ṣé ìfẹ́ ni àbí ìgbádùn ọ̀nà ló ń tàn mí?

Ẹsẹ̀Ògbélé:
Ẹ kú ìjókòó níbí o. Ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ má kàn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dá rin ìrìnàjò ni, mi ò wá ọkọ lọ rárá, mo kàn ní kí n fún ojú mi lóúnjẹ díẹ̀. Ibi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì kan tó kọ̀ tí ò dé ni bọ̀bọ́ kan ti wá bá mi, àlejò lòun náà níbẹ̀, fóònù ẹ̀ ti kú, ó ní ṣé kóun wo máàpù lórí tèmi. Bọ́ọ̀sì dé, a ò wọ̀ ọ́. Látìgbà yẹn la ti jọ ń rìn, a jọ ń sọnù, a jọ ń rẹ́rìn-ín, òyìnbó ẹnu ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dán, èmi náà ò gbọ́ èdè ẹ̀, tá a bá ti wá ọ̀rọ̀ tì, a máa yà á sórí ìwé. Ní báyìí ó kù díẹ̀ kí kálukú máa lọ sílé ẹ̀, ó wá ní kí n yí tíkẹ́ẹ̀tì mi padà kí n tẹ̀ lé òun lọ sí orílẹ̀-èdè tòun. Ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ fún ní orí mi ti yí. Kò yí o, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá òun gan-an ni mo fẹ́ràn àbí ibi tá a wà. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀?

Bàbá_Àlàyé:
Àbúrò, ìbéèrè ẹ ò kéré o. Lọ́dún 1974, Donald Dutton àti Arthur Aron tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí afárá Capilano ní Kánádà, afárá olókùn tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ó ga tó 70 mítà sí odò tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí obìnrin kan dúró de àwọn ọkùnrin tó bá gba ibẹ̀ kọjá, kó bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀, kó fún wọn ní nọ́ńbà fóònù. Wọ́n ṣe irú ẹ̀ lórí afárá míì tó dúró digbí. Àwọn tó gba orí èyí tó ń mì ló pe obìnrin náà jù! Àlàyé wọn ni pé ẹ̀rù ló ń mú ọkàn àwọn ọkùnrin yẹn lù, wọ́n wá rò pé obìnrin ló fà á.

Mi ò ní irọ́ ni bọ̀bọ́ ẹ o. Ibi tuntun, ọ̀nà téèyàn ò mọ̀, oorun tí ò tó, gbogbo ẹ̀ ló ń mú ọkàn lù, ẹni tó bá wà nítòsí ló máa ń gba ìyìn ẹ̀. Kò sí ọ̀gá tó ń pariwo, kò sí bílì, kò sí mọ̀lẹ́bí tó ń pè, ta ni ò ní dáa lójú ẹni nírú àsìkò bẹ́ẹ̀? Ẹ wá ọjọ́ tí ò dùn. Ẹ jọ lọ fọ aṣọ ìdọ̀tí, kẹ́ ẹ jókòó ti ẹ̀rọ ìfọṣọ títí táá fi parí, kẹ́nì kankan má ya fọ́tò. Kó o wo bó ṣe máa ṣe tí ẹ̀rọ bá gbé owó ẹ̀ mì.

OníPáálí:
Ẹ jẹ́ n bá a sọ ti páálí, torí ìfẹ́ ò mọ imigréṣọ̀n. Wò ó bóyá tíkẹ́ẹ̀tì ẹ ṣeé yí, ọ̀pọ̀ èyí tó pọ́ọ́kú ni kì í ṣeé yí. Físà ńkọ́? Tó bá jẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ní Yúróòpù, ìyẹn àwọn tó jọ ń lo físà kan náà, físà ìbẹ̀wò wọn ò lè ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́, gbogbo wọn pa pọ̀ ni wọ́n sì ń kà, kì í ṣe pé tó o bá kúrò ní Faransé bọ́ sí Jámánì wọ́n á tún ẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ni, tọ́rọ̀ bá wá di ìgbéyàwó, físà K-1 tó wà fún àfẹ́sọ́nà máa ń béèrè ẹ̀rí pé ẹ ti fojú kojú láàárín ọdún 2 kó tó kọ̀wé béèrè fún ẹ, tó o bá sì wọlé, 90 ọjọ́ lẹ ní láti fi ṣègbéyàwó. Torí náà má da tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì àti fọ́tò nù. Tó o bá sì máa lọ, gba yàrá tìẹ lọ́tọ̀, kí owó ìpadà wà lọ́wọ́ ẹ, kí ẹnì kan nílé mọ àdírẹ́sì. Bó bá ní kó o bá òun gbé báàgì kékeré kan kọjá ní pápákọ̀ òfurufú, sá.

Ẹlẹ́rìn-ín:
Ṣé o ti bi í bóyá ó níyàwó nílé? Mo kàn béèrè ni o.

Ìyàwó_Àjò:
Ẹ̀gbọ́n Bàbá_Àlàyé, mo gbọ́ ti afárá yín, àmọ́ ẹ má fi ìwé dáyà já ọmọ olọ́mọ. Ojú ọ̀nà ni mo ti pàdé ọkọ tèmi, a ṣì wà pọ̀. Ìgbà tá a pínyà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Tílẹ̀ bá ṣú lọ́dọ̀ mi, ibi iṣẹ́ lòun wà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi oorun sílẹ̀ ká tó ríra sọ̀rọ̀, mo wá ń wò ó pé ṣé èmi nìkan ni màá máa ṣe é ni. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jí lóru. A máa gbé fóònù kalẹ̀ báyìí, òun ń lọ aṣọ, èmi ń tún yàrá ṣe, ẹnì kankan ò sọ nǹkan kan, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn.

Ibi tó le ni pé ta ló máa kó ẹrù. Ẹni tó bá kó ẹrù lọ bá ẹnì kejì ló máa fi iṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ sílẹ̀, tí ìjà bá dé kò ní ibi tó máa yà sí. Bọ̀bọ́ ẹ ní kó o wá, ṣé òun náà lè wá? Ní kó dá ọjọ́.

Ẹsẹ̀Ògbélé:
Ẹ ṣeun gan-an. @Ẹlẹ́rìn-ín mo ti bi í, ó ní rárá, ó tiẹ̀ fi màmá ẹ̀ hàn mí lórí fídíò, màmá kàn ń juwọ́ sí mi ṣáá ni, a ò gbọ́ra wa. Aṣọ náà, a lọ fọ̀ ọ́ lánàá, òjò ń rọ̀, ẹ̀rọ sì gbé owó mì lóòótọ́ 😂 ó kàn rẹ́rìn-ín, ó lọ ṣẹ́ owó míì wá. Mo gbádùn ibẹ̀ ju gbogbo òkè tá a ti gùn lọ. Mi ò yí tíkẹ́ẹ̀tì o. Mo bi í pé ìgbà wo lòun máa wá, ó lóun máa wò ó.

Ìyàwó_Àjò:
"Òun máa wò ó" kì í ṣe ọjọ́. Tún un bi.

Ẹsẹ̀Ògbélé:
Mo ti tún un bi. Ó lóun máa bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀ ìsinmi lọ́jọ́ Ajé. Màá padà wá sọ fún yín.